Ẹnu éà hámà tí kò ní ba irin oníbàárà jẹ́, níbo la ti ń rí i l'Ékòó?

Ọmọ_Mùṣín:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ló bá mi tí mi ò lè dá gbé. Sienna kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánádà dé, bẹ́ríìnì iwájú lápá ọ̀tún ló ń hó. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo ní kí ṣáàfùtì jáde nínú họ́ọ̀bù, ṣáàfùtì ní òun ò lọ síbì kan. Ẹ mọ̀ pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ti jẹ gbogbo abẹ́ ọkọ̀, ó wá so ṣáàfùtì àti họ́ọ̀bù pọ̀ bí ẹni da sìmẹ́ǹtì sí i. Mo gbé éà hámà mi jáde, òòlù tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lu nǹkan, mo ki ẹnu onírin tó pẹrẹsẹ bọ̀ ọ́, mo tẹ tírígà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi jáde, inú mi ti ń dùn. Ìgbà tí mo wo orí ẹ̀ ni ara mi bù máṣọ. Ó ti fẹ̀ bí orí èèkàn àgùntàn tí wọ́n fi òkúta gbá, tíréèdì méjì tó wà lókè ti dùbúlẹ̀ pátápátá. Mo fi fáìlì fá a títí ilẹ̀ fi ṣú, nọ́ọ̀tì wọ díẹ̀, ó há. Owó apò mi ni mo fi ra ṣáàfùtì mìíràn, èrè iṣẹ́ yẹn lọ síbẹ̀ tán, mo tún fi kún un.

Mo wá rí i nínú fídíò pé àwọn kan ní ẹnu tí wọ́n fi ike ṣe, òmíràn idẹ, tí wọ́n ń kì bọ inú éà hámà, tó ń lu irin láì fi ojú àpá sílẹ̀. Mo ti yí Ládípọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n ń kó fún mi ni àwọn ẹnu inú páálí yẹn, irin ni gbogbo wọn, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹrẹsẹ, ṣóńṣó. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rà níbí? Àbí kí la ń lò dípò ẹ̀?

Bọ̀dá_Sùúrùlérè:
Pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ jẹ́ n bi ẹ́ ní ìbéèrè kan, níbo ni nọ́ọ̀tì wà nígbà tí o ń lu ṣáàfùtì? Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kó o dá nọ́ọ̀tì padà sórí ṣáàfùtì, kó o yí i títí ojú ẹ̀ á fi bá orí ṣáàfùtì dọ́gba, kó o tó fi ohunkóhun kàn án. Nọ́ọ̀tì yẹn ló máa di tíréèdì mú kó má lè fẹ̀. Tó bá sì bàjẹ́, nọ́ọ̀tì lo máa rà, kì í ṣe ṣáàfùtì. Pọ́là tó ń ti ṣáàfùtì jáde ńkọ́?

Ọmọ_Mùṣín:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo tú nọ́ọ̀tì kúrò pátá ni, kí n má parọ́. Ọ̀rọ̀ pọ́là, mo ní èyí tó ń dè mọ́ bọ́ọ̀tì táyà mẹ́ta, mo fi pípù gígùn sẹ́yìn sípánà ẹ̀, apá ẹ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ̀rù bà mí mo fi sílẹ̀.

ÌyáSípíà_Ládípọ̀:
Ọmọ mi kú ìnáwó. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi lo ti kọjá tí o ò béèrè dáadáa 😄 Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní «Ìyá, ẹ fún mi ní náílọ̀n ti éà hámà.» Mo fa náílọ̀n tí mo fi ń di ọjà yọ, mo ní ṣé ńlá ni àbí kékeré. Ó ní rárá, náílọ̀n tó le, tí wọ́n ń fi gbá irin. Mo ní ọmọ yìí, ta ló ń fi náílọ̀n gbá irin? Gbogbo àwọn tó jókòó lọ́dọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bọ̀dá kan wá ṣàlàyé fún mi pé ike líle kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe gíà kékeré. Mi ò tíì rí ẹni tó ń kó ẹnu bẹ́ẹ̀ wọlé kó pọ̀ tó ohun tí mo lè kó sórí igbá. Èyí tó ń wá, inú ẹrù tòkunbọ̀ ló ń bá wa, ọ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n á sọ ọ́ sínú garawa pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀tì.

Kàfíńtà_Ẹ̀búté:
Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹ fẹ́ràn wàhálà. Ègé igi ńkọ́? Gé ìrókò tàbí apá tó ti gbẹ dáadáa, fi sáàárín hámà àti irin, lu igi. Ohun tí bàbá mi ń ṣe nìyẹn, kò sí irin kankan tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bọ̀dá_Sùúrùlérè:
Òòlù ọwọ́ ni bàbá yín ń lò, ọ̀gá. Éà hámà á lu igi yẹn ju ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí o tó ṣẹ́jú ó ti là, ègé ẹ̀ á fò síni lójú.

Kàfíńtà_Ẹ̀búté:
Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ igi kọjú sí òòlù, orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lù, níbi tí ojú igi ti dúró lóròó. Ó máa pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà, ó máa là. Igi ò wọ́n, ẹ gé òmíràn.

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ Mùṣín, má wá a kiri mọ́, o ò ní rí i rà lọ́jọ́ tí o fẹ́ ẹ. Ṣe é ni. Mo ti bá èèyàn ṣe tó mẹ́fà, méjì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó mọ ọ̀nà ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà ná owó tí mo ti ná.

Kọ́kọ́ mú hámà ẹ, wo ìdí ẹnu tó ń wọ inú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n ń pè ní .401, ìyẹn 10.2 mm tó o bá fi fẹ́níà wọ̀n ọ́n. Àwọn hámà ńlá kan ń lo .498, ìdí tiwọn sún mọ́ 12.7 mm. Ọ̀kan ò lè wọ èkejì, kò sì sí àdúgbò kan tí wọ́n ti ń fi tipátipá kì í. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin láti gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ìdí tuntun fún ẹ láti ara irin kọ̀ǹkéré o, irin yẹn rọ̀, písítínì inú hámà á lù ú títí orí ẹ̀ á fi fẹ̀ sínú bàrẹ́ẹ̀lì, o ò ní lè fà á yọ mọ́. Ìdí ojúlówó ti gba iná, ó le, òun ni kó o lò. Mú ẹnu rẹ kan tó ti kú, èyí tí ẹnu ẹ̀ ti ya tàbí tó ti kúnú. Irú ẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Fi dísíìkì gé ẹnu tó pẹrẹsẹ yẹn dànù, kí ó kù bí ìka méjì lẹ́yìn ọrùn tí sípíríìnì ń dì mú. Bó o ṣe ń gé e ni kó o máa ti i bọ omi, kó má gbóná dé ìdí.

Orí tó kù yẹn ni mo máa ń bu tíréèdì M10 sí. Túùlù lásán á kú lójú ẹ̀, túùlù kábáìdì tó le gan-an ni mo ń lò. Lẹ́yìn náà ni idẹ: 25 mm ní fífẹ̀, 30 mm ní gígùn, kí o dá ihò tó jìn tó 15 mm sínú ẹ̀, kí 15 mm kù nísàlẹ̀ tó jẹ́ idẹ gidi. Wàyí o, ibi tí gbogbo iṣẹ́ yìí wà rèé. Tó o bá ti dè é tán, ojú irin gbọ́dọ̀ fi ara kan ìsàlẹ̀ ihò gán-ín. Bí àyè bá wà níbẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe bí bébà, tíréèdì lá máa gba gbogbo ìyà, ọjọ́ kẹta ni idẹ á fò lọ. Mo máa ń kun ojú irin ní chalk, mo dè é, mo tú u, mo wò ó bóyá chalk ti dé ìsàlẹ̀. Tí kò bá dé, mo fá orí tíréèdì sí i. Mo tún máa ń dá ihò kékeré láti ẹ̀gbẹ́, mo kan pín kan sí i, torí éà hámà á tú ohunkóhun tó o bá fi ọwọ́ dè, ì báà jẹ́ pé o fi gọ́ọ̀mù sí i.

Má jẹ́ kí ìwọra mú ẹ pé idẹ ńlá ló dáa. Písítínì inú hámà kò ju orí àtàǹpàkò lọ, kò wúwo. Tó o bá kó idẹ ńlá sórí, idẹ ni á gbé agbára yẹn mì, ṣáàfùtì ò ní mọ̀ pé wọ́n ń lu òun.

Wẹ́dà_Òjúẹlẹ́gba:
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tá ò kàn ní fi iná jó idẹ mọ́ orí ẹ̀? Mo ṣe ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ó wù mí lójú.

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Títí ìgbà wo ló ṣiṣẹ́?

Wẹ́dà_Òjúẹlẹ́gba:
Bíi ọ̀sẹ̀ méjì 😅 Ọrùn ẹ̀ ló kán. Mo rò pé hámà ni kò dáa.

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Hámà kọ́. Iná tó o fi jó o ti ba líle irin yẹn jẹ́, ibi kan rọ̀, ibi tó tẹ̀ lé e gbẹ bí àwo. Tó bá kán tó o ṣì tẹ tírígà mọ́lẹ̀, ìdajì tó kù á fò jáde. Dúpẹ́ pé kò dé ara ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Hángà_Ìkẹjà:
Ẹ ṣeun bàbá. Èmi ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà, apá ibi tí wọ́n ti ń tún awọ ẹ̀ ṣe, ìyẹn aliminíọ̀mù òde. Ọ̀rọ̀ yín yìí ni a ń bá jẹun lójoojúmọ́, torí ìbọn tá a fi ń kan rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó ń so aliminíọ̀mù pọ̀, .401 náà ni ìdí ẹ̀, àwọn ẹnu ẹ̀ á wọ ọ̀pọ̀ éà hámà. Irin ni ẹnu tá a ń lò, àmọ́ wọ́n ti fá ojú ẹ̀ kó máa dán bíi dígí, ó tẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, etí ẹ̀ ò mú rárá. Òmíràn ní rọ́bà yí ká etí bí yẹ̀rì, kó má baà yọ̀ kúrò lójú rífẹ́ẹ̀tì lọ ha aliminíọ̀mù. A tún máa ń lẹ téèpù mọ́ ojú ẹ̀. Aliminíọ̀mù tá a ń lò ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè, aliminíọ̀mù tí kò ní àdàlù, òun ló ń dènà ìpẹtà. Àpá kékeré tó o bá ha sí i, o ti ṣí i sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wò á sì rí i.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ fún Ọmọ Mùṣín ni pé tírígà ló yàtọ̀. Ti ìbọn rífẹ́ẹ̀tì, bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe ń lu tó, o lè fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, tó o bá ti fọwọ́ kàn án, gbogbo agbára ló máa dé lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, fi régúlétọ̀ dín afẹ́fẹ́ kù. 90 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ wọn. Pẹ̀lú ẹnu rírọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 40, wo bó ṣe rí, sún un sókè.

Agége_Pánẹ́ẹ̀lì:
Tírígà yẹn ló ba bọ́nẹ́ẹ̀tì aliminíọ̀mù kan jẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ rántí.

Èmi ò lo idẹ o. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, idẹ ṣì le jù, ó máa fi ojú kékeré-kékeré sílẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá kun ún tán ni oòrùn á fi hàn ẹ́. Ike ni. Mo ní èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Ṣómólú gbẹ́ fún mi, ike funfun tí wọ́n fi ń ṣe gíà, ó fẹ̀ bí ìdérí ìgò. Mo tún fi awọ bàtà àtijọ́ bo ojú ẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀ wọnú, mo á fi dọ́ọ̀lì, irin tá a fi ń gbá a dúró, dì í lápá kejì, mo á máa rọra lù ú láti inú, kò ní sí àpá. Fílà tí mo fi ń dí ojú pánẹ́ẹ̀lì ti dín kù gan-an.

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Òótọ́ lo sọ. Ike méjì ló wà tí wọ́n jọra lójú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín jẹ. Nylon yẹn, èyí tó mú ìyá wa rẹ́rìn-ín, ó máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, Èkó wa yìí tí gbogbo nǹkan ń lagùn, ó máa wú díẹ̀, ó máa rọ̀ díẹ̀. Ó ní sùúrù fún lílù ṣá, kì í tètè fọ́. Èkejì ni acetal, àwọn kan ń pè é ní Delrin, kì í mu omi bẹ́ẹ̀, ó le, ìwọ̀n tó o bá gbẹ́ ẹ sí ló máa wà. Àmọ́ tó bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi iná jó ègé ẹ̀ láti fi mọ irú tó jẹ́ o, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín acetal ń ta ojú àti imú, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Owódé_Onírin_Scrap:
Ẹ wá ra idẹ lọ́wọ́ wa ní Owódé. Orí páípù omi àtijọ́, gate valve, oríṣi ni. Ẹ tiẹ̀ lè yọ́ ọ dà sínú ihò iyanrìn, orí òòlù jáde, ẹ ò nílò lathe.

Bọ̀dá_Sùúrùlérè:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé ìyẹn fún àwọn ọmọdé. Mo bá ẹnì kan yọ́ idẹ rí nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Èéfín funfun kan ń jáde, a ò kà á sí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibà òjijì, òtútù ń gbọ̀n mí, ẹnu mi ń ta bí ẹni lá kọ́bọ̀. Zinc inú idẹ ló ń di èéfín. Wọ́n ní kí n mu mílíìkì, mo mu agolo méjì, mílíìkì ò ṣe nǹkan kan, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ fúnra ẹ̀. Ẹ ra rọ́ọ̀dù idẹ tó ti dọ́gba, kí lathe gbẹ́ ẹ.

Ọmọ_Mùṣín:
Ẹ̀yin ọ̀gá, mi ò mọ̀ pé ó máa tó báyìí, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù. Bàbà ńkọ́, kì í ṣe idẹ, bàbà pupa gan-an? Mo ní ègé kan láti ara wáyà NEPA tó nípọn. Ó rọ̀ ju idẹ lọ.

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Bàbà rọ̀ lóòótọ́, ó dáa fún ohun tó o bá fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bó o ṣe ń lù ú ló ń le sí i, etí ẹ̀ á máa fẹ̀, á máa ya, wàá sì máa mú un gbóná padà nínú iná kó tún rọ̀. Ìyọnu ni. (Wáyà NEPA ibo nìyẹn o? Mi ò béèrè nǹkan kan.)

Ọmọ_Mùṣín:
Bàbá 😂 ti ilé wa ni o, èyí tí wọ́n yọ nígbà tí wọ́n yí mítà padà.

[Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà]

Ọmọ_Mùṣín:
Mo ti padà dé. Mo ṣe méjèèjì, ike àti idẹ, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, ibi tí mo ti kùnà náà.

Ike ni mo kọ́kọ́ ṣe torí ó rọrùn. Lathe tó wà nítòsí mi ló gbẹ́ ẹ, kì í ṣe bàbá, mo sì jẹ́ kó dá ihò ẹ̀ jìn jù, ohun tó kù nísàlẹ̀ kò ju 5 mm lọ. Mo ní kí n fi gbá dísíìkì bíréèkì Corolla kan tó ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ohùn ẹ̀ kàn ń dún pù-pù-pù, hámà ń fò padà sí mi lọ́wọ́, dísíìkì ò mì. Mo wá fi ìbínú gbé afẹ́fẹ́ dé 90. Ìṣẹ́jú àáyá bíi ogún, ike là sí méjì, ọ̀kan gba abẹ́ mọ́tò kejì lọ. Gọ́gùlù wà lójú mi, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo mú ègé tó kù, ó gbóná débi pé mo jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ike gbá irin tó ti dógùn-ún, kò ní ṣiṣẹ́, ike ń gbé lílù yẹn mì fúnra ẹ̀. Mo fún Agége lẹ́tọ̀ọ́, ti pánẹ́ẹ̀lì ni.

Idẹ wá ńkọ́. Ẹ kò ní gbàgbọ́. Mo gbé e lọ bá bàbá fúnra wọn ní Ìdí-Òrò, wọ́n fi chalk yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà àkọ́kọ́ àyè wà níbẹ̀ tí ojú mi ò lè rí. Ọkọ̀ tí mo fi dán an wò, Camry kan tí wọ́n ń gbé gba inú omi lójú títì Lẹ́kí nígbà òjò, ìpẹtà tiẹ̀ ò kéré sí ti Sienna yẹn. Mo fún un ní epo ìtú-ìpẹtà lálẹ́, mo jẹ́ kó sùn. Láàárọ̀, mo dá nọ́ọ̀tì padà kó bá orí ṣáàfùtì dọ́gba bí ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè ṣe wí. Mo fi ojú idẹ tì í gírígírí kí n tó tẹ tírígà, 50 psi. Ohùn ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti irin. Ti irin ń dún kan-kan-kan tó ń ha etí, èyí ń dún kùn-kùn-kùn bí ẹni ń gún iyán. Ìṣẹ́jú kan kọjá, kò mì. Mo gbé e dé 70. Mo rí eruku pupa tó ń jábọ́ láti ibi tí ṣáàfùtì ti wọ họ́ọ̀bù, díẹ̀díẹ̀, bí ata gígún, mo ti mọ̀ pé ó ti tú. Ó wọlé bí ìwọ̀n èékánná, ló bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tú nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ ni mo fi tú u, ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ lásán. Orí ṣáàfùtì ò fẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò kan ló wà lójú ẹ̀ bí ẹni fi ìka tó ní epo kàn án, mo fi àkísà nù ún.

Agége_Pánẹ́ẹ̀lì:
Ẹ kú oríire! Mo sọ fún ẹ pé ike kì í ṣe fún àwọn onípẹtà.

Ọmọ_Hángà_Ìkẹjà:
Ó dáa tó o fi ojú ẹ̀ tì í kó o tó tẹ tírígà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lásán, sípíríìnì ló máa gba gbogbo lílù, tó bá já, ẹnu á fò bí ọta ìbọn. Mo tún fẹ́ béèrè, ṣé o máa ń tú omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dànù? Níbi tí mo wà, ojoojúmọ́ ni. Omi yẹn ló ń fọ epo kúrò nínú hámà. Ẹ̀kán epo mẹ́ta-mẹ́rin sínú ẹnu afẹ́fẹ́ ẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tó.

Ọmọ_Mùṣín:
Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, láti ìgbà tí mo ti ra á mi ò tú u rí. Mo tú u lálẹ́ òní lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, omi pupa bíi tíì ló ń jáde, ó tó ìgò kókó méjì. Ojú tì mí.

Wẹ́dà_Òjúẹlẹ́gba:
Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi. Bàbá, èló?

BàbáLathe_ÌdíÒrò:
Mú ẹnu tó ti kú ẹ wá pẹ̀lú idẹ ẹ, owó iṣẹ́ la máa sọ. Àti pé Ọmọ Mùṣín, lẹ́yìn ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wo etí idẹ yẹn, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ẹnu bàtà. Fi fáìlì fá etí ẹ̀ yí ká kó rí róbótó, má dúró kó fọ́. Tó bá ti kúrú ju ìdajì lọ, mú un padà wá, irin ẹ̀ ò bàjẹ́, orí idẹ nìkan la máa pààrọ̀. Má sì lo hámà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi tí ẹ ń rí yìí, ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi máa ń funfun tí òtútù bá mú, kò sí ohun tó fà á ju ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lọ.

ÌyáSípíà_Ládípọ̀:
Bàbá Lathe, ẹ bá mi ṣe mẹ́wàá, mẹ́fà onídẹ, mẹ́rin oníke. Màá kó wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ oníke sára ẹ̀ gàdàgbà, torí tí ẹnikẹ́ni bá tún wá bá mi pé òun fẹ́ náílọ̀n, èyí tí mo fi ń di ọjà ni màá kó fún un.